Rúùtù Kì Í Ṣe Ohun Ìkánjú

Ẹ̀yin òbí, ẹ pe ọmọ yín tó fẹ́ ṣe WAEC wá síbí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ní yunifásítì kì í gba ọmọ tí kò ní kírẹ́díìtì nínú ìṣirò, rúùtù sì ń já máàkì gbà lọ́wọ́ wọn.

Wọ́n ní kí ọmọ ro √9 pọ̀ mọ́ √16. Kíá, á ro 9 mọ́ 16, á di 25, á kọ 5 sílẹ̀, á tún máa rẹ́rìn-ín. Irọ́ ńlá! 3 lọ́nà 3 ni 9, nítorí náà √9 jẹ́ 3; √16 jẹ́ 4. Àpapọ̀ wọn, 7 ni.

√50 − √18 + √8 ńkọ́? Títú ni kó kọ́kọ́ tú wọn. 25 lọ́nà 2 ni 50, √25 sì jẹ́ 5, ló bá di 5√2. Bẹ́ẹ̀ ni √18 ṣe di 3√2, tí √8 di 2√2. Gbogbo wọn ti di √2 nìyẹn, wọ́n ṣeé kà pọ̀ bí iṣu. Yọ 3 nínú 5, ó ku 2. Fi 2 kún un: 4√2.

Ṣùgbọ́n √2 àti √3? Iṣu àti àgbàdo ni, kó fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí ọmọ náà wá gbìyànjú √27 + √12. Bó bá rí 5√3, ẹ bá a ra mínírà.