Ẹ Yé Fi Ìdí Orúkọ Fáìlì Pamọ́

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n nínú ímeèlì, ẹni tó so fáìlì mọ́ lẹ́tà ló ń sọ ọ́ lórúkọ bó ṣe wù ú. Ìlànà ọdún 1997 fún un ní kóòdù kan, Content-Disposition, tó fi ń sọ bóyá kí fáìlì hàn nínú lẹ́tà tàbí kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àti orúkọ tí yóò máa jẹ́.

Ewu tó wà níbẹ̀ hàn ní oṣù Karùn-ún ọdún 2000. Fáìlì kan jáde láti Manila, lórílẹ̀-èdè Philippines: LOVE-LETTER-FOR-YOU.TXT.vbs. Ìdí orúkọ ni òótọ́ wà. TXT jẹ́ àmì ìwé kíkà. Vbs jẹ́ àmì àṣẹ tí kọ̀ǹpútà yóò tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n Windows fi vbs pamọ́ lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, àwọn èèyàn sì rò pé lẹ́tà ìfẹ́ ni. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́, ó ba àwòrán wọn jẹ́, ó sì fi ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí àdírẹ́sì rẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Kódà, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ímeèlì tirẹ̀ pa.

Ọ̀pọ̀ ló dá ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́bi. Ẹ̀bi ẹni tó bo ojú rẹ̀ ńkọ́? Títí di òní, Windows ṣì ń fi ìdí orúkọ pamọ́, àfi bí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà bá yí i padà. Ó yẹ kí àwọn tó ṣe é fi orúkọ hàn tán. Kó tó dìgbà náà, kí bàbá tàbí ìyá tí fáìlì bá dé bá kọ́kọ́ pe ọmọ tó fi í ránṣẹ́ lórí fóònù.