Aago Ọwọ́ Mi

Ọmọ mi ra aago ọwọ́ tó ń bá fóònù ṣiṣẹ́ fún mi. Bí ìpè bá wọlé, á gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Mo fi yangàn káàkiri Àkúrẹ́.

Lọ́jọ́ kan, ìyá kan wá láti Oǹdó nítorí ọmọ rẹ̀ tó wà ní ọsibítù. Mo kó ikin 16 sọ́wọ́. Ẹ mọ̀ pé bí ẹyọ kan bá kù lọ́wọ́ òsì, méjì là ń tẹ̀. Bí méjì bá kù, ẹyọ kan ni. Aago gbọ̀n, mo wò ó. Kí n tó gbójú padà, ọwọ́ ti tú, mi ò mọ iye ikin tó kù.

Ìyá náà ní, "Bàbá, ṣé ẹ ń kánjú ni? Kí n padà wá?"

Ojú tì mí. Mo bọ́ aago, mo pa àmì orí ìyẹ̀ròsùn rẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Àtọjọ́ náà, inú àpótí ló wà. Aago ò ṣẹ̀ wá o, ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó gbé ẹ̀dùn ọkàn wá láti Oǹdó ò wá ká máa wo ọwọ́ níwájú òun. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyàwó àtọmọ wa nílé.