Nẹ́tíwọọ̀kì Kọ́, Kóòdù Yín Ló Wúwo

Ẹ lọ sí Àbẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí fọ́ọ̀mù kan bá fẹ́ parí. Yàtọ̀ sí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń wọlé tó ń jáde ní sẹkitéríàtì tí wọ́n fi orúkọ Bọ́lá Ìgè pè, ẹ ó rí àwọn ọ̀dọ́ tó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, tí wọ́n gbé fóònù sókè, tí wọ́n ń wo òbírí kan tó ń yí lójú ewé funfun. Ẹ bi wọ́n ní ohun tó ṣẹlẹ̀. Gbogbo wọn á ní: "Nẹ́tíwọọ̀kì ni."

Ìdajì òótọ́ nìyẹn. Nẹ́tíwọọ̀kì wa ò dára, mi ò jiyàn. Lọ́jọ́ 14 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2024 tí àwọn wáyà abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Ivory Coast, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n wáyà kì í já lójoojúmọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ ni pé ẹni tó kọ ìkànnì di ẹrù tí kò yẹ kó dì, ó wá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ san owó ọkọ̀ ẹrù náà.

Ẹni tó ń kọ JavaScript tàbí CSS máa ń fi àlàfo sí i, ó máa ń kọ àlàyé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, ó sì máa ń fún nǹkan lórúkọ gígùn bíi iyeOwoTiAkekooSan, kó má baà ṣìnà lọ́la. Ó dára bẹ́ẹ̀, èèyàn ló máa kà á. Fóònù ò nílò ìkankan nínú rẹ̀. Irinṣẹ́ bíi Terser tàbí esbuild á yọ àlàfo, á yọ àlàyé, á sọ orúkọ gígùn yẹn di "a" lásán, iṣẹ́ tí kóòdù ń ṣe ò sì ní yí padà. Ẹ wo jQuery 3.6. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ó tó nǹkan bíi 280 KB. Tí wọ́n bá dín in kù báyìí, ó di nǹkan bíi 90. Tí sáfà bá tún fi gzip dì í kó tó fi ránṣẹ́, ó di nǹkan bíi 30. Ta ló ń gbé ẹ̀gẹ́ tí wọn ò tíì fún omi rẹ̀ wá sọ́jà pé gàrí lòun ń tà?

Ẹ bá mi ṣírò. Bí akẹ́kọ̀ọ́ 10,000 bá ṣí ojú ewé náà lẹ́ẹ̀kan péré, 250 KB tí ẹ kọ̀ láti yọ ti di 2.5 GB. Fáìlì kan ṣoṣo nìyẹn o. Láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2025 tí àjọ NCC ti gbà pé kí àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù fi owó kún owó, títí dé ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún, a ò rí dátà fi ṣòfò mọ́.

Ti fáìlì wẹ́wẹ́ ló tún burú jù. Mo ṣí ojú ewé ìforúkọsílẹ̀ kan (mi ò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà), mo tẹ F12, mo ka fáìlì JavaScript 23 àti CSS 11. Mẹ́ta nínú wọn wà fún kàlẹ́ńdà tí kò sí lójú ewé yẹn rárá. Ó dà bí ẹni rán ọmọ lọ sí Ọjà Ọba fún iyọ̀, ó dé, wọ́n tún rán an fún ata, ó dé, wọ́n tún rán an fún magí. Lórí HTTP/1.1, fáìlì tí bíráúsà lè bèèrè lẹ́ẹ̀kan náà lọ́wọ́ sáfà kan kì í ju nǹkan bíi mẹ́fà lọ. Ìyókù á tò sẹ́yìn. Bí sáfà bá wà ní Yúróòpù, àlọ àti àbọ̀ kan láti Òṣogbo máa ń tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá, lọ́jọ́ tí nǹkan bá dára. Steve Souders tó ṣiṣẹ́ ní Yahoo ti fi èyí ṣe òfin àkọ́kọ́ nínú ìwé rẹ̀ lọ́dún 2007: ẹ dín iye ìgbà tí ẹ ń bèèrè kù. 2007! Àwọn kan nínú wa ṣì ń rá nígbà náà.

Mo mọ ohun tí àwọn ọ̀gá wa máa sọ. Wọ́n á ní HTTP/2 ti dé láti ọdún 2015, ó lè kó ọ̀pọ̀ fáìlì gba ọ̀nà kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà kíkó fáìlì pọ̀ ti di ti àtijọ́. Mo gbà fún wọn dé ààyè kan. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì ràgàjì kan, torí bí ẹ bá yí ìlà kan padà, gbogbo èèyàn ló máa tún un gbà látòkè délẹ̀. Ẹ pín in: èyí tí gbogbo ojú ewé ń lò, àti èyí tí ojú ewé yìí nìkan ń lò. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ tilẹ̀ ti wò ó bóyá wọ́n ti tan HTTP/2 lórí sáfà yín? Kò sì sí HTTP kankan tó máa bá yín yọ àlàyé kúrò nínú kóòdù.

Ọ̀rọ̀ kan tún máa ń bí mi nínú: àwọn tó ní àmì ohùn Yorùbá ló ń mú ojú ewé wúwo, ká yọ ọ́ kúrò. Lóòótọ́, ẹ́ máa ń gba báìtì márùn-ún nígbà tí e gba ẹyọ kan. Àmọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo kọ síbí, tòun ti àmì rẹ̀, kò tó 10 KB. Ẹ lọ wá ẹrù yín síbòmíràn.

Kí ló wá ṣòro níbẹ̀? Àṣẹ ìlà kan ni: npx terser app.js -c -m -o app.min.js. Fáìlì tí ẹ kọ ṣì wà lọ́wọ́ yín gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe kọ ọ́. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, tí ẹ bá ń wo iṣẹ́ àṣekágbá, ẹ yé wò ó lórí láptọ́ọ̀pù àti Wi-Fi nìkan. Ẹ ṣí i lórí fóònù Android olówó pọ́ọ́kú, lórí 3G, kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní máàkì. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, tí ẹ ń gba iṣẹ́ ìkànnì lọ́wọ́ ìjọba ní Àbẹ̀rẹ̀ àti lọ́wọ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́, ẹ kọ iye KB tí ojú ewé àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ kọjá sínú ìwé àdéhùn, kí ẹni tó ń sanwó sì wọ̀n ọ́n kó tó san èyí tó kù.