Afíìṣì Tí Ó Ń Pariwo Kò Pe Ẹnikẹ́ni

Ẹni tí ó bá rìn láti Akron dé ọjà Ouando ní àkókò ọdún yóò rí i pé ògiri ìlú Àjàṣẹ́ kò ní ibi tí ojú lè sinmi sí mọ́. Afíìṣì eré orin bo afíìṣì eré orin. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, orí olórin mẹ́wàá ni a tò lé ara wọn bí ẹja inú apẹ̀rẹ̀. Àmì ilé iṣẹ́ àwọn onígbọ̀wọ́ sì gba gbogbo ìsàlẹ̀. Ọjọ́, aago àti ibi tí eré yóò ti wáyé, tí í ṣe ohun tí a tìtorí rẹ̀ tẹ ìwé náà, ni a fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ há sí igun kan. Èdè Faransé nìkan ni a sì fi kọ ọ́. Mo fẹ́ sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú: irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò pe ènìyàn wá sí eré.

Ta ni a ń tẹ afíìṣì fún? Ẹni tí ó wà lórí zémidjan ni, tí yóò kọjá kí ó tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. Ohun kan ṣoṣo ni ojú rẹ̀ lè gbé lọ. Bí ohun kan bá tóbi, tí àyè sì yí i ká, ibẹ̀ ni ojú yóò lọ. Bí ohun gbogbo bá tóbi, kò sí èyí tí ó tóbi mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ẹ̀kọ́ òyìnbó ni èyí. Ẹ wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kà mọ́ ogún aráyé ní ọdún 2001. Agbẹ́gilére a gbẹ́ ojú tí ó tutù sí ìsàlẹ̀, a sì gbé ìtàn lé e lórí: ẹyẹ àti ejò tí ń jà, tàbí ìyá ọlọ́jà. Ìdákẹ́jẹ́ ìsàlẹ̀ ni ó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ òkè hàn dé ẹ̀yìn agbo. Abájọ tí àwọn àgbà fi wí pé ojú tí ó ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran. Ẹ wo aṣọ alálẹ̀mọ́ Abomey pẹ̀lú: ẹfọ̀n kan dúró fún Ghézo, kìnnìún kan dúró fún Glèlè. Ta ni ó ṣì wọ́n mọ̀ rí?

Àwọn Faransé tí à ń fara wé náà mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1891, nígbà tí Toulouse-Lautrec ya afíìṣì fún ilé ijó Moulin Rouge ní Paris, oníjó kan, La Goulue, ni ó gbé sáàárín. Ó sọ àwọn òǹwòran ẹ̀yìn rẹ̀ di òjìji dúdú. Ẹni tí ó dúró ní ìgboro lè fi ara rẹ̀ sí ipò òjìji náà, bí ẹni pé ó ti wọ agbo.

Wọ́n ní onígbọ̀wọ́ ni ó sanwó, ó gbọ́dọ̀ hàn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n níbo ni yóò ti hàn jù: lórí ìwé tí ẹnikẹ́ni kò kà ni, tàbí níwájú agbo tí ó kún?

Èyí tí ó dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ èdè. À ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní kíkà Yorùbá, wọn a sì jáde sí ìgboro tí kò ti sí ìlà Yorùbá kan tí wọn yóò kà. Bí a bá tilẹ̀ kọ ọ́, a kò ní fi àmì sí i, tí *ọkọ*, *ọkọ́* àti *ọkọ̀* yóò fi di ọ̀kan náà. Wọ́n ní àmì ohùn ṣòro láti tẹ̀. Àwáwí ni! Òǹtẹ̀wé kan náà kì í gbàgbé àmì orí *é* àwọn Faransé.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, àwa náà jẹ̀bi. Afíìṣì tiwa kò yàtọ̀. Ní òde wa tí ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí a ya àwòrán kan ṣoṣo. Kí ọjọ́ àti ibi ìpàdé ṣeé kà láti òdìkejì títì. Kí Yorùbá tí ó ní àmì wà lókè, kí Faransé tẹ̀ lé e. Kí àwọn onígbọ̀wọ́ gba ìlà kan nísàlẹ̀. Bí a kò bá lè ṣe èyí lórí ìwé ara wa, kí a yé ráhùn pé àwọn ọmọ kò ka èdè wa sí.