Ẹ̀kọ́ Ẹnu Iṣẹ́: Gbèsè Ta Ni?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa rí ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Yaba, ní ìlú Èkó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kíkọ́ ìkànnì sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, ọ̀gá rẹ̀ kéde pé láti ọjọ́ Ajé, React ni wọn yóò máa lò dípò Angular. Kò sí olùkọ́, kò sí àkókò, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ parí kò yẹ̀. Òru ni ọmọ náà fi kọ́ ọ. Owó àpò ara rẹ̀ ni ó fi ra dátà àti epo jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí àṣìṣe wọ inú iṣẹ́ náà, ọ̀gá ní ọ̀lẹ ni.

Èrò tiwa ni pé ọ̀gá ni ó jẹ̀bi.

Férémúwọ́ọ̀kì ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pe irú nǹkan bí React àti Angular. Ó dà bí ilé tí ẹlòmíràn ti gbé òpó rẹ̀ nàró, tí ó sì ti fi igi àjà lé e. Ohun tí ó kù ni kí òṣìṣẹ́ mọ ògiri, kí ó sì yọ fèrèsé. Ṣùgbọ́n ètò òpó ilé kan kì í ṣe ti èkejì. Google gbé AngularJS jáde ní 2010. Ní 2016 wọ́n gbé òmíràn tí wọ́n tún kọ láti ìpìlẹ̀ jáde. Nígbà tí 2021 parí, wọ́n dáwọ́ ìtọ́jú ti àkọ́kọ́ dúró. Facebook ti gbé React jáde fún aráyé ní 2013, Vue sì tẹ̀lé e ní 2014. Bí irinṣẹ́ bá ń yí padà báyìí, ta ni yóò mọ gbogbo rẹ̀ tán kí ó tó dé ẹnu iṣẹ́? A kì í fi ọjọ́ kan bọ́ ọmọ tó rù.

Àwọn kan yóò sọ pé àṣà wa ni kí ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ fara da ìyà. Òótọ́ ni pé ọmọ-iṣẹ́ télọ̀ ń gbálẹ̀, ó ń pọnmi, òbí rẹ̀ sì ń sanwó. A kò ní bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyókù àdéhùn náà. Ọ̀gá ni ó ni ẹ̀rọ. Ojúmọmọ ni ọmọ ń kọ́ṣẹ́, lójú ọ̀gá. Àkísà ni ó fi ń kọ́wọ́, kì í ṣe léèsì oníbàárà. Bí aṣọ bá bàjẹ́, ọ̀gá ni oníbàárà ń bá wí. Ọjọ́ òmìnira sì ń bẹ. Télọ̀ tí ó ti gba òmìnira, tí a gbà síṣẹ́ tí a sì gbé ẹ̀rọ tuntun síwájú rẹ̀, ta ni yóò ní kí ó lọ fi òru kọ́ ọ nílé? Ìyà inú àṣà náà ni àwọn ọ̀gá òde òní mú. Wọ́n da ojúṣe inú rẹ̀ nù.

Wọn a tún máa sọ pé, "Bí mo bá kọ́ ọ tán, yóò lọ." Kí ó máa lọ! Ọ̀gá tí ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ tàn kálẹ̀ ni àwọn baba wa ń bọ̀wọ̀ fún. Ṣé ẹni tí a kò kọ́, tí ó sì jókòó tini, ni èrè?

Ohun tí ó tọ́ kò ṣòro. Kí a yọ wákàtí ẹ̀kọ́ sọ́tọ̀ nínú àkókò iṣẹ́, kí owó oṣù sì máa wọlé. Kí a fi iṣẹ́ kékeré bẹ̀rẹ̀. Kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n jókòó ti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ náà, ẹ di gbòǹgbò mú. JavaScript, tí a dá sílẹ̀ ní 1995, ni gbogbo àwọn tí a dárúkọ wọ̀nyí dúró lé lórí. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n dunjú kì í ṣe àjèjì pátápátá nínú ilé tuntun kankan.

Síbẹ̀, ìyẹn kò gba ọ̀gá sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ ẹnu iṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀bùn, gbèsè ni. Ẹni tí ó pààrọ̀ irinṣẹ́ ni ó jẹ ẹ́.