Ọ̀rẹ́ ní Ọjọ́ Àìsàn Ọkàn

Bí ibà bá mú akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Adó-Èkìtì, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n bí kò bá rí oorun sùn mọ́, tí ó sì ń wí pé ayé sú òun, wọn a fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwà yìí kò bójú mu.

Ní ọdún 1954, nígbà tí Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú àwọn tí ó ní àìsàn ọpọlọ ní Aró, ní Abẹ́òkúta, kò sé wọn mọ́lé. Ọ̀dọ̀ àwọn ará abúlé ìtòsí ni wọ́n wọ̀ sí, ìbátan kan a sì bá aláìsàn wá láti máa se oúnjẹ fún un, kí ó sì máa sìn ín lọ gba ìtọ́jú.

Ọmọ tí ó ti Ìjerò wá sí yunifásítì ní Adó lè má ní ìbátan nítòsí; ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó bọ́ sí ipò náà. A kò ní kí ó di oníṣègùn. Kí ó ṣáà jókòó tì í, kí ó sì sìn ín dé ọ̀dọ̀ dókítà. Bí aláìsàn náà bá sọ pé òun fẹ́ pa ara òun, tí ó sì bẹ̀ ẹ́ kí ó má wí fún ẹnikẹ́ni, kí ó má gbà. Kí ó sọ fún àwọn òbí rẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an, ìbáà tilẹ̀ bí i nínú.