Ilẹ̀ tìẹ ni àjà ẹlòmíì: ẹ má ṣahun sí underlay

1/ Ẹ̀yin tèmi, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kà á dópin. Ṣé ẹ rántí fídíò tí mo ṣe nígbà tí mo tẹ́ laminate sí pálọ̀ mi? Mo ní kẹ́ ẹ ra fóòmù funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn sábẹ́ ẹ̀, pé "ta ló fẹ́ rí abẹ́ ilẹ̀?" Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ lónìí.

2/ Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mò ń gbé, l'Ékòó níbí. Nọ́ọ̀sì ni Aunty tó wà nísàlẹ̀ mi, iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n sì máa ń ṣe jù. Ọ̀sán tí èmi ń jó níwájú kámẹ́rà, tí mò ń wọ́ àga kiri, ni àwọn fẹ́ sùn. Lọ́jọ́ kan wọ́n kanlẹ̀kùn. Mo kúnlẹ̀, "Ẹ káàsán mà." Wọn ò bínú rárá. Wọ́n kàn ní, "Ọmọ mi, mo ti wá mọ ìgbà tó o bá ń lọ sí kíṣìnì, mo sì mọ ìgbà tó o bá ń bọ̀." Ojú tì mí o.

3/ Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn rèé: ariwo méjì ni ẹsẹ̀ wa ń pa. Ọ̀kan ni "kọ́-kọ́-kọ́" tí ìwọ fúnra ẹ ń gbọ́ nínú yàrá. Ìkejì ni "gbì-gbì" tó ń kọjá lọ bá ẹni ìsàlẹ̀. Underlay lè pa ti àkọ́kọ́, kó má fi bẹ́ẹ̀ ran ìkejì lọ́wọ́.

4/ Tí underlay bá tẹ̀lé ìlànà Yúróòpù tó ń jẹ́ EN 16354, ẹ máa rí lẹ́tà lára páálí ẹ̀. RWS ni ariwo inú yàrá. IS ni ti ẹni ìsàlẹ̀, òun sì ni kẹ́ ẹ wò. 14 dB ni ìbẹ̀rẹ̀, 18 dB lọ sókè ni kẹ́ ẹ wá. Tí ariwo bá fi 10 dB lọ sílẹ̀, bí ìdajì ló máa ń dún létí.

5/ Àmọ́ ẹ fojú sílẹ̀: orí kọnkéré ni wọ́n ti ń wọn nọ́ńbà yẹn. Tó bá jẹ́ dẹ́kìn kọnkéré lẹ wà lé bíi tèmi, ó súnmọ́ra. Tó bá jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tó jẹ́ pákó ni ilẹ̀ ẹ̀, ẹ má retí gbogbo ẹ̀.

6/ "Ṣé kí n kúkú ra èyí tó nípọn jù?" Rárá! Tó bá nípọn tó tún rọ̀ jù, pákó á máa lọ sókè sódò tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ibi tí wọ́n ti kọ́ra á sì ya. Ẹ wo CS, ìyẹn bó ṣe lè gba ẹrù tó: 10 kPa ló kéré jù, 60 lọ sókè ló dáa. Tí kò bá sí àkọlé kankan, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka tẹ̀ ẹ́. Tó bá pẹlẹbẹ wẹ́rẹ́ bíi búrẹ́dì, ẹ fi sílẹ̀. Rọ́bà tó wúwo lọ́wọ́ máa ń ṣiṣẹ́ ju fóòmù tó kún fún afẹ́fẹ́ lọ. Tí pákó yín bá sì ti ní tiẹ̀ lẹ́yìn, ẹ má fi òmíì kún un.

7/ Owó wá ńkọ́? Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 kò ju bíi mítà 13.4 níbùú lóròó lọ. Ẹ fi ìdá mẹ́wàá kún un fún èyí tí wọ́n máa gé dànù. Dípò pákó 12 mm, ẹ ra 8 mm, kẹ́ ẹ fi owó tó kù ra underlay gidi. Tówó ò bá ṣì tó, yàrá kan ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe, èyí tí wọ́n ń sùn lábẹ́ ẹ̀. Ẹ ní kí kápẹ́ńtà fi àlàfo 8 sí 10 mm sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, torí pákó tó bá kan ògiri á máa gbé ariwo kiri. Ẹ lẹ aṣọ tó ki mọ́ ẹsẹ̀ àga. Ìyẹn ò wọ́n.

8/ Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní, "Lándílọ́ọ̀dù ni kó lọ kọ́ ilé dáadáa." Òótọ́ ni. Àmọ́ lándílọ́ọ̀dù kọ́ ló ń jó lórí Aunty lọ́sàn-án gangan, èmi ni. Owó tí mo ní mo fi pamọ́ yẹn, oorun wọn ni mo fi san án.

9/ Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tẹ̀lé fídíò mi, ẹ má bínú. Ẹ ò ní láti ra pákó tuntun. Tí kò bá jẹ́ gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, tó kàn ń kọ́ra, ó ṣeé fara balẹ̀ tú, kẹ́ ẹ pààrọ̀ abẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ tún un tẹ́. Bí mo ṣe ṣe tèmi nìyẹn. Kò lè dí ariwo sípíkà tàbí ẹ̀rín yín o, ẹsẹ̀ ló wà fún.

10/ Mo bi Aunty lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní àwọn ṣì ń gbọ́ mi díẹ̀díẹ̀, àmọ́ àwọn ti ń rí oorun sùn. Kẹ́ ẹ tó ra tiyín, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ béèrè ìgbà tí ẹni ìsàlẹ̀ yín máa ń sùn.